Ọmọ Tó Ń Jẹ Yẹ̀pẹ̀, Ògiri Àti Fóòmù: Ohun Tí Àwọn Ìyá Máa Ń Bi Mí

Lọ́jọ́ tí a bá ń wọn ọmọ ní ilé ìtọ́jú ìlera tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ílọrin, ìbéèrè kan wà tí wọn kì í bi mí ní gbangba. Ìyá ọmọ á dúró kí àwọn yòókù lọ tán, á sún mọ́ mi, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Antí nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ń jẹ yẹ̀pẹ̀ o." Ojú á máa tì í, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ sọ pé kò fún ọmọ lóúnjẹ.

Mo mọ ìtìjú náà. Àbígbẹ̀yìn mi, nígbà tó lé ní ọmọ ọdún méjì, a máa họ ògiri ẹ̀yìnkùlé ilé àwọn ọkọ mi l'Ókèlélé, á sì jẹ ẹ́. Mo kígbe mọ́ ọn. Mo nà án. Kò jáwọ́. Ìgbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni mo rí i pé àìsàn ni mo ń na ọmọ fún, ó sì dùn mí dọ́kàn. Nítorí ẹni tó bá wà níbi tí mo wà nígbà náà ni mo fi kó àwọn ìbéèrè yìí jọ.

Ọmọ mi pé oṣù mẹ́wàá. Gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ ló ń kì bọnu. Ṣé àìsàn ni?

Rárá. Ọmọ tó ń rákò, ẹnu ló fi ń mọ ayé. Bó ṣe ń fi ẹnu tọ́ ṣíbí wò náà ló ṣe ń fi ẹnu tọ́ bàtà wò, ó sì lè jẹ́ pé eyín ló ń hù. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi pé ọdún kan àbọ̀, àwọn mìíràn á ṣe é dé ọdún méjì. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ máa gbálẹ̀, kí ẹ sì ṣa àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó.

Ìgbà wo ló wá di ohun tó yẹ kí n mú lọ sílé ìwòsàn?

Bí ọmọ bá ti tó ọdún méjì, tó sì ń jẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ léraléra fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un wá. Páíkà ni àwọn dókítà ń pe irú àìsàn yìí. Orúkọ ẹyẹ kan ní èdè Látìn ni wọ́n mú sọ ọ́, ẹyẹ tí wọ́n gbà pé kò sí ohun tí kì í ṣà jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ orí nìkan ṣe ìwọ̀n. Ẹ wo ìṣe ọmọ. Ọmọ tó ń ṣeré yóò fi yẹ̀pẹ̀ kan ẹnu, yóò fajú ro, yóò tu ú dànù. Ọmọ tí mo ń sọ yìí yóò dìde láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò gba ìdí ògiri kan náà lọ lójoojúmọ́, yóò fara pamọ́, yóò sì gbé e mì. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí òórùn ilẹ̀ gbòde, ẹ ò ní rí i nínú ilé mọ́. Ọmọ tèmi a máa fi ahọ́n lá ibi tí òjò ti rin ògiri amọ̀. Bí ẹ bá ti rí irú èyí, ẹ má ka oṣù kankan, ẹ gbé ọmọ wá.

Kí ló ń fà á?

Àìtó èròjà irin nínú ara ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Irin ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí ìlera káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018, nínú 100 ọmọ tó wà láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe ilé aláìní nìkan lọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ wo bí a ṣe ń bọ́ ọmọ: ẹ̀kọ mímu láàárọ̀, àmàlà tàbí tùwó pẹ̀lú omi ọbẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀kọ tún ni lálẹ́. Ọmọ yó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n irin tó wà nínú ògì kò tó nǹkan, ẹran inú ìkòkò sì jẹ́ ti bàbá.

Ohun tó wá mú un le ni pé amọ̀ tí ọmọ ń jẹ a máa di irin inú oúnjẹ mú nínú ìfun, kò ní jẹ́ kó wọ ara. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ sí i ni ẹ̀jẹ̀ ń dín, bí ẹ̀jẹ̀ sì ṣe ń dín ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí amọ̀. Ọmọ ọdún méjì kò lè fi agbára tirẹ̀ jáde nínú ìyẹn.

Àìtó èròjà síńkì náà wà lára ohun tí a máa ń bá lára àwọn ọmọ yìí. Ebi lásán wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìsí ẹni tó ń bá a ṣeré lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì di bárakú.

Ìyá ọkọ mi ní aràn inú rẹ̀ ló ń pe yẹ̀pẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá kò jìnnà sí òótọ́, àmọ́ yẹ̀pẹ̀ ló sábà máa ń kó aràn wọ inú. Ẹyin aràn máa ń wà nínú ilẹ̀ tí ènìyàn, ajá tàbí ológbò ti yàgbẹ́ sí, ojú kò sì lè rí i. Ọmọ gbé e mì, aràn pa nínú ìfun. Irú kan tún wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà wọlé, yóò fi eyín kọ́ ara ìfun, yóò sì máa mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dín nípa bẹ́ẹ̀ ló tún ń mú kí ọmọ wá yẹ̀pẹ̀ kiri.

Nítorí náà, oògùn aràn wà lára ìtọ́jú rẹ̀. Àlùbẹ́ńdásólù ni a sábà máa ń lò: ọmọ tó ti pé ọdún kan àmọ́ tí kò tíì pé méjì, 200 mílígíráàmù, ìyẹn ìdajì hóró 400, ọmọ ọdún méjì sókè, hóró 400 odidi kan. Ẹ fọ́ ọ kúnná kí ó má bàa há a lọ́fun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera a máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú fítámì A ní ọ̀sẹ̀ ìlera ìyá àti ọmọ tí ìjọba ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ṣùgbọ́n oògùn aràn nìkan kò dá ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ padà. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n fún ní oògùn aràn lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ọdún kan, tí ẹnikẹ́ni kò wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí.

Àwọn ará ilé ní ọmọ náà kì í ṣe ọmọ lásán, pé ẹlẹ́gbẹ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ yẹn pe ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹ gbàdúrà fún un. Bí Àlùfáà bá fún yín ní hántú, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì lára wàláà, èmi kò ní kí ẹ má gbà á. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Kí ẹ sì yọ òǹdè tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó lè já lọ́rùn ọmọ tó ń jẹ ohun gbogbo, torí òun náà ni yóò gbé mì.

Èmi náà jẹ amọ̀ nígbà tí mo lóyún rẹ̀. Wọ́n ń tà á lọ́jà. Kí ló wá burú nínú rẹ̀?

Mi ò bá yín wí. Ọ̀pọ̀ aboyún ló ń jẹ ẹ́, òórùn rẹ̀ a sì máa fà wọ́n. N'Ílọrin níbí, a kì í jìnnà sí amọ̀: ìlú alámọ̀kòkò ni wá, ní Dada l'Ókèlélé ọmọdé á jókòó ti ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń mọ ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ á sì wà nínú amọ̀ látàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹfun àti amọ̀ tí wọ́n ń tà fún jíjẹ, wọ́n ti rí òjé nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òjé sì burú fún ọlẹ̀ inú àti fún ọmọ tí a ti bí. Bí ara yín bá ń fà sí amọ̀ báyìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ tiyín náà má tó. Ìyá àti ọmọ ni kí a jọ yẹ̀ wò. Ẹ má sì máa jẹ ẹ́ lójú ọmọ. Ohun tí ìyá bá ń jẹ, oúnjẹ ni lójú ọmọ.

Fóòmù ni tèmi ń ya jẹ. Ó ti jẹ tìmùtìmù dé àárín.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Fóòmù jíjẹ wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọ tó ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde, ìyẹn àwọn tí jínótáìpù wọn jẹ́ SS. Kì í ṣe pé gbogbo ọmọ tó ń jẹ fóòmù ló jẹ́ SS o. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tíì mọ jínótáìpù ọmọ yín, tó sì ń jẹ fóòmù, ẹ má sùn lé e lórí. Bí ojú rẹ̀ bá máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin ojú ẹni tí ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ bá ń ṣe, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, tó máa ń sunkún pé egungun ń dun òun, ẹ sáré.

Fóòmù kì í dà nínú ìfun. Ó lè kóra jọ síbẹ̀, kó dí ọ̀nà. Òwú àti irun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilé tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì, ẹ ṣa gbogbo ègé òwú tó bá já sílẹ̀. Bí ikùn ọmọ bá le tó wú, tó ń bì, pàápàá bí èébì bá jẹ́ àwọ̀ ewé, tí kò yàgbẹ́ tí kò sì só, ilé ìwòsàn ńlá ni, lọ́jọ́ náà. Ẹ fi aṣọ tó nípọn rán tìmùtìmù náà pa yíká, kí ẹnu rẹ̀ má ṣe rí ibi tó ti máa ya á.

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ lè gbé mì, èwo ló ń bà yín lẹ́rù jù?

Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré tó dà bíi bọ́tìnnì. Ó wà nínú rìmóòtù, nínú aago, nínú àwọn ìṣeré tó ń tàn wìnnìwìnnì tí a máa ń rà fún ọmọ nígbà ọdún Iléyá. Bí ó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàrin wákàtí méjì péré ó ti lè jó ibẹ̀ dáadáa, ó sì lè lu ú já. Ọmọ lè máà sunkún rárá. Ẹ wo ẹ̀yìn gbogbo rìmóòtù ilé yín lónìí. Bí ìdérí rẹ̀ bá ti sọnù, ẹ fi téépù wé e.

Mágínẹ́ẹ̀tì, bí ó bá ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á fa ara wọn mọ́ra láti inú ìfun kan sí èkejì, wọ́n á sì dá ihò sí i.

Kẹrosíìnì tí a bù sínú ike omi, sóda tí a fi ń ṣe ọṣẹ, ọ̀tápíápíá. Àwọn àgbà sọ pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ike tó bá ti jọ ti ohun mímu, ohun mímu ni lójú ọmọ. Ẹ má ṣe bu oró sínú ike tí ọmọ mọ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ti aboyún. Àwọ̀ rẹ̀ pupa, ó ń dán, ó sì dà bíi súìtì. Ìwọ̀nba hóró díẹ̀ lè pa ọmọ kékeré.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni òjé, tí kì í pa ọmọ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè pè ní kò-séwu. Òjé tí ọmọdé bá jẹ, ara rẹ̀ ń gba ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ohun tí ara àgbàlagbà ń gbà, bí irin kò bá sì tó lára ọmọ, ó tún ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ọmọdé tó lé ní 400 ló kú nítorí òjé. Wọ́n ń fọ́ òkúta góòlù nínú àgbàlá, eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí ọmọ ń ṣeré lé, ọmọ ń jẹ ilẹ̀. Níbi tiwa, ẹ ṣọ́ ọ̀dà àtijọ́ tó ń ṣí lára fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò. Kí ẹ sì gbà mí láyè láti sọ èyí, mo mọ̀ pé yóò bí àwọn ìyá àgbà nínú: tìróò. Ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń lọ̀ tà lọ́jà, òkúta òjé ni. A fi lé ọmọ lójú, ọmọ fi ọwọ́ nu ojú, ó mú ọwọ́ sẹ́nu. Ojú ọmọ dára láìsí tìróò.

Ó ti gbé e mì báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Bí ó bá ń fún un lọ́rùn, tí kò lè sunkún tí kò lè wúkọ́: ọmọ tó ti pé ọdún kan, ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí itan yín kí orí rẹ̀ relẹ̀ ju ìdí lọ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàrin ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù sí òkè ìdodo rẹ̀, ẹ fà á wọnú sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ gbá a lẹ́yìn bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ ikùn rẹ̀. Àárín àyà rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má fi ìka wá ohun tí ojú kò rí lọ́nà ọ̀fun, ẹ óò tì í wọlé ni.

Bí ó bá jẹ́ bátìrì: ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara, lójú ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ti ju ọdún kan lọ, tó sì lè gbé nǹkan mì, tí kò tíì pé wákàtí 12, ẹ fún un ní oyin ìgàn ṣíbí tíì méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá bí ẹ ṣe ń lọ lọ́nà, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ. Oyin a máa dín jíjó náà kù. Bí oyin kò bá sí nílé, ẹ má dúró wá a. Ẹ má fún un ní oúnjẹ mìíràn.

Kẹrosíìnì tàbí sóda: ẹ má mú un bì. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nìyẹn, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n èébì àti epo lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ ni kẹrosíìnì ti ń pa ọmọ. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, ẹ gbé ike náà dání kí dókítà rí i.

112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Bí ọkọ̀ bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má dúró ti fóònù.

Àyẹ̀wò wo ni kí n bèèrè? Níbo sì ni?

Ẹ kọ́kọ́ ṣe tiyín nílé: ẹ fa ìsàlẹ̀ ìpéǹpéjú ọmọ sílẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wé tiyín. Bí ó bá funfun, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni rọ̀ yín mọ́.

Nílé ìwòsàn, PCV ni àkọ́kọ́, ìyẹn ni yóò sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó. Lẹ́yìn náà ìdánwò ìgbẹ́ fún aràn, àti jínótáìpù bí ẹ kò bá ní in lọ́wọ́. Bí ilé yín bá ní ọ̀dà tó ń ṣí, tàbí ẹnì kan nínú ilé ń ṣiṣẹ́ bátìrì tàbí kùsà, ẹ sọ fún dókítà kó lè ronú nípa àyẹ̀wò òjé. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ọmọ ń jẹ. Ẹ má fi ìtìjú pa ọ̀kan mọ́, torí ohun tí ẹ kò sọ, a ò ní wá a.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìtọ́jú ìlera tó wà ládùúgbò yín. N'Ílọrin, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé wà ní Centre Igboro, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin sì wà ní Oke-Ose. Àwọn tó wà ní ìhà gúúsù Kwara ní ilé ìwòsàn ìjọba l'Ọ́ffà àti l'Ómù-Àrán.

Oúnjẹ wo ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà? Owó kò sí lọ́wọ́.

Ẹ̀dọ̀ màlúù, ègé kékeré kan tí a sè jinná tí a lọ̀ mọ́ ọbẹ̀ ọmọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹran tó kù nínú ìkòkò, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jẹ nínú rẹ̀ kó má ṣe jẹ́ omi nìkan ni yóò máa lá. Ẹja ṣáwá àti edé lílọ̀ kò wọ́n tó ẹran. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, gbẹ̀gìrì, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀: irin inú tiwọn kì í tètè wọ ara, àfi bí ohun kíkan bá tẹ̀ lé e. Ẹ fún ọmọ ní ọsàn mímu lẹ́yìn mọ́ínmọ́ín, ẹ ó ti ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.

Tíì ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni ọmọ ọdún méjì ti ń mu tíì pẹ̀lú búrẹ́dì láàárọ̀, tíì sì ń dí irin lọ́nà. Mílíìkì, kó má ju nǹkan bí ife méjì lọ lójúmọ́. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé kiri dára fún egungun, ọmọ yóò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n irin kò sí nínú rẹ̀. Kí a má fi dípò ẹja.

Kúlíkúlí, ẹ gún un kúnná sínú ẹ̀kọ. Ẹ má fún ọmọ ọdún méjì ní odidi rẹ̀, tàbí ẹ̀pà odidi, nítorí ó lè fún un lọ́rùn.

Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú, ẹ̀rù ń bà mí.

Irin inú oògùn náà ló mú un dúdú, kò léwu. Ẹ fún un pẹ̀lú omi ọsàn, ẹ má fi mílíìkì tàbí tíì lé e. Bí ó bá jẹ́ olómi, ẹ tú u sí ẹ̀yìn ẹnu kó má bàa kun eyín, kí ẹ sì fọ eyín rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀n tí dókítà kọ ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì ra èyíkéyìí lọ́wọ́ ẹni tí kò wọn ọmọ. Kí a fi ìgò náà sókè.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jẹ́ pé àìtó irin ló ń dà wọ́n láàmú, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàgbé yẹ̀pẹ̀, kí PCV tó gòkè tán. Ọmọ tèmi, ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, kò sì wò ó.

Ṣé kí n nà án? Ṣé kí n fi ata sí i lẹ́nu?

Rárá, ẹ jọ̀wọ́. Ẹgba kò fi kún ẹ̀jẹ̀. Ohun tó kọ́ ọmọ tèmi ni pé kó máa lọ sí ẹ̀yìn ilé tí mi ò ti ní rí i, ibẹ̀ gan-an ni ìdọ̀tí pọ̀ sí. Ata a máa ba ẹnu àti ojú ọmọ jẹ́.

Ẹ lọ bá a láìsáré. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ sọ pẹ̀lú ohùn tútù pé "èyí kì í ṣe oúnjẹ", ẹ fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tó ń ró lẹ́nu rọ́pò rẹ̀: búrẹ́dì tí a yan gbẹ, tàbí kùkúńbà tí a gé gbọọrọ, kí ẹ jókòó tì í bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo ilé máa sọ. Lọ́jọ́ tó bá wá mú òkúta tọ̀ yín wá dípò kó gbé e mì, ẹ yìn ín, ẹ kì í ní oríkì rẹ̀, kó rí i pé inú yín dùn.

Eré kan wà tí a fi kọ́ tèmi. A gbé abọ́ méjì sílẹ̀, a kó ṣọ́ọ̀kì, òkúta, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, èédú jọ. "Ṣé oúnjẹ ni?" Ó ń kó wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì òun ló ń bi mí.

Mo máa ń lọ sọ́jà láti àárọ̀. Ìyá àgbà ló ń ṣọ́ ọ, ojú wọn kò sì ríran dáadáa.

Ẹ má dá Màmá lẹ́bi. Ẹ yan ibì kan nínú ilé tí ọmọ á ti máa ṣeré, ẹ tẹ́ ẹní síbẹ̀, ẹ gbá a mọ́ tónítóní kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì kun ibi tó ti họ ògiri tàbí kí ẹ gbé àpótí dí i. Ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ ní wákàtí mélòó kan síra wọn, kí ebi má pa á dé ìrọ̀lẹ́. Bàtà lẹ́sẹ̀, ọwọ́ fífọ̀, èékánná gígé.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, aràn kò sí, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Kò sì tíì sọ̀rọ̀.

Ẹ padà lọ bá dókítà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ àìsọ̀rọ̀ yẹn ní pàtó. Páíkà wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù àti àwọn tí ìdàgbàsókè ọpọlọ wọn falẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó máa ń dáhùn tí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, bóyá ó máa ń wo ojú yín, bóyá ó máa ń fi ìka tọ́ka sí ohun tó fẹ́. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ ló wà tí a lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó tó dé ọjọ́ orí ilé ìwé.

Ó ti jáwọ́ fún oṣù méjì. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ìyá ni: ìgbà wo lẹ dá oògùn dúró? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́, pé ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ gòkè ni. Nígbà tí PCV bá dára, ibi tí ara ń tọ́jú irin pamọ́ sí ṣì ṣófo. Ó yẹ kí ọmọ lo oògùn náà fún nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sí i, bí dókítà bá ti wí. Bí ẹ bá dá a dúró ní kùtùkùtù, tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì yí padà, ẹ̀jẹ̀ yóò tún sọ̀kalẹ̀, ẹ óò sì rí i ní ìdí ògiri. Ẹ gbé e padà wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí a tún PCV ṣe. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání, àti ìgò oògùn tó kù.